Ìgbà Mẹ́jọ Tó Kù

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, Ọ̀gá Oyèdìjí ju fáìlì sórí tábìlì mi
ní Sẹkitéríàtì, Agódi, nínú yàrá tí òjò ti ń jò.
"Àbádòfin ìdáàbòbò ẹni tí ọ̀daràn ṣe lọ́ṣẹ́.
Ilé ìgbìmọ̀ fẹ́ mọ iye tí yóò ná ìjọba,
kó tó di ìrọ̀lẹ́ Ẹtì."

Mo ṣí ìwé. Mo fa ìlà.
Mo ń fi bírò kan eyín.

Èló ni ká jí lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóru láti yẹ ilẹ̀kùn wò?
Wọn kì í tà á ní Bódìjà, wọn kì í fi kóńgò wọ̀n ọ́n.
Mo kọ ohun tó ní iye:
káàdì ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́, abẹ́rẹ́, báńdéèjì,
àgádágodo tuntun fún ilẹ̀kùn tí wọ́n fẹsẹ̀ já,
yàrá mẹ́fà lọ́nà Mọ́níyà fún ẹni tí kò lè sùn nílé mọ́,
olùṣọ́ méjì, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn,
owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ sí kóòtù Ìyágankú.

Ìwé ọlọ́pàá ní igba ó lé méjìlá ló fẹjọ́ sùn lọ́dún tó kọjá.
Mo bi sájẹ́ǹtì tó gbé e wá: àwọn tí kò fẹjọ́ sùn ńkọ́?
Ó rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ìwé kì í ka ẹni tí kò wọlé."

Ní Ọjọ́bọ̀ mo lọ bá Mosúnmọ́lá tó ń ránṣọ ní Òkè-Àdó.
Wọ́n já yẹtí rẹ̀ tòun tẹran etí,
wọ́n gbé ẹ̀rọ ìránṣọ méjèèjì lọ.
Kò sunkún fún mi.
Ó mú ìwé tó fi ń kọ ìwọ̀n àyà àti ìbàdí oníbàárà,
ó ṣí ojú ewé ẹ̀yìn pátápátá:
ọjọ́ tí ara adájọ́ kò yá. Ọjọ́ tí lọ́yà wọn kò wá.
Ọjọ́ tí iná lọ. Ọjọ́ tí kò sí epo nínú ọkọ̀ ẹlẹ́wọ̀n.
Ìgbà mọ́kànlá,
owó máíkírà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan,
àfi ọ̀kan tó kọ pé: mo fẹsẹ̀ rìn.
"Àbúrò ẹni tó gé mi létí a máa kí mi níwájú kóòtù," ó ní.
"A ní, ẹ kú ìdúró, mà."

Mo padà. Mo kọ mọ́kànlá sí ìlà kẹrìndínlógún,
mo fi igba ó lé méjìlá sọ ọ́ di púpọ̀.
Òǹkà náà gùn kọjá àpótí rẹ̀.

Ọ̀gá yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún.
Kì í ṣe èèyàn burúkú;
òun ló ń san owó ilé ìwé ọmọ olùgbálẹ̀ wa.
"Ta ló ní mọ́kànlá? Òfin ní kí ẹjọ́ parí níjókòó mẹ́ta.
A kì í fi ẹ̀ṣẹ̀ kóòtù ṣèṣirò.
Kọ mẹ́ta."

Mo kọ mẹ́ta.
Òǹkà náà wọ àpótí rẹ̀ wẹ́kú.

Ṣùgbọ́n mẹ́jọ tó kù kò kú.
Owó tí ìjọba kò san, ẹnìkan ṣáà ń san án,
ó ń tú u létí ìró, lọ́kọ̀ọ̀kan, ní Òkè-Àdó.
Nísàlẹ̀ ìwé, pẹ̀lú lẹ́tà wínníwínní, mo kọ ọ́:
*Ìgbà mẹ́jọ tó kù: ẹni tí wọ́n ṣe lọ́ṣẹ́ ni yóò san án.*
Ọ̀gá buwọ́ lù ú. N kò mọ̀ bóyá ó kà á.

Ìrọ̀lẹ́ Ẹtì, máíkírà láti Agódi Gétì,
àwa mẹ́rin há mọ́ra lẹ́yìn, òjò ń lu páànù ọkọ̀.
Awakọ̀ ka owó lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà.
"Ẹ̀yin ẹ̀yìn, owó yìí ò pé o.
Ta ni kò tíì san?"

Gbogbo wa yíjú sí fèrèsé.